Ẹni Tó Kú Lórí Àtẹ̀gùn

Ohun tí ẹ máa rò bí ẹ bá jókòó ti Mok Siu-hang fún ìdajì wákàtí nílé tíì, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ fún yín: onífáárí ni. Ẹ ò ṣìnà. Ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ló ti fi ń sọ fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tó kàn fẹ́ mu tíì rẹ̀ pé òun bá gbajúmọ̀ òṣèré Kwan Tin-pa jà fún odindi ìṣẹ́jú mẹ́rin nínú fíìmù Ẹ̀san Lórí Afárá Òkúta, pé kò sí ìjà tó dùn tó o nínú gbogbo fíìmù náà, àti pé adùn rẹ̀ gan-an ló mú kí Kwan Tin-pa ní kí wọ́n gé e sọnù. Kò sí ẹni tí kò mọ fíìmù náà ní Họng Kọng. Kò sì sí ẹni tó rí ìjà náà rí.

Nítorí náà, nígbà tó gbé fóònù rẹ̀ lé orí tábìlì láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, tó sì sọ pé, "Wọ́n ti rí i," Szeto ò tilẹ̀ gbójú kúrò lórí edé tó ń jẹ.

"Wọ́n rí kí ni?"

"Ìjà mi."

"Ṣé ó sọnù ni?" Szeto ti fi ọgbọ̀n ọdún wa bọ́ọ̀sì kékeré láàárín Mong Kok àti Kwun Tong, ó sì ṣì ń sọ̀rọ̀ bíi pé ẹ́ńjìnnì ń dún nídìí òun. Ó bu tíì sínú ife Mok. Mok fi ìka méjì kan tábìlì láti dúpẹ́, kò wo ibẹ̀.

"Ní Vancouver ni wọ́n ti rí i. Lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé sinimá kan, ní àdúgbò àwọn ènìyàn wa."

"Lábẹ́ àtẹ̀gùn." Szeto yíjú sí ẹnìkẹta wọn, Ku onígbàjámọ̀, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. "Ku, o gbọ́? Ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí àti àtẹ̀gùn ò lè tán láé."

Ku rẹ́rìn-ín sínú ife rẹ̀. Gbogbo ilé tíì ló mọ ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Nínú fíìmù tí gbogbo ayé mọ̀, a rí Mok fún bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà, nínú róòlù kejì. Ó wọ aṣọ funfun. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìjà tí àwọn ọ̀tá wá pa run, àwọn tí Kwan Tin-pa máa wá gbẹ̀san wọn. Wọ́n gún un lókè àtẹ̀gùn, ó yí gbirigbiri kọjá lórí ìpele méjìlélógún, ó sì délẹ̀ pẹ̀lú ojú lílà sílẹ̀, tó ń wo àwa òǹwòran. Ikú tó dára ni. Szeto ló fi í joyè Bàbá Alátẹ̀gùn.

"Omidan kan láti ilé ìpamọ́ fíìmù ló pè mí, Omidan Ip," Mok ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, ó ń sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń ka ìwé àṣẹ. "Ó ní láyé ìgbà yẹn, kí wọ́n tó fi fíìmù han àwa níbí, wọ́n á ti kó ẹ̀dà ti òkè òkun sínú ọkọ̀ ojú omi, torí pé yóò pẹ́ lójú ọ̀nà. Ohun yòówù tí wọ́n bá gé níbí lẹ́yìn náà, tọ̀hún ti lọ ní tiẹ̀. Ẹni tó ni sinimá Vancouver yẹn ò dá a padà. Ó kú, ọmọ ọmọ rẹ̀ ta ilé, wọ́n bá páànù fíìmù mẹ́jọ lábẹ́ àtẹ̀gùn, róòlù kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìjà mi wà nínú ìkeje."

"Ojú yín sì hàn níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n?" Ku bi í.

"Ojú mi. Gbogbo rẹ̀ pátá. Ọ̀kọ̀ lọ́wọ́ mi, Kwan Tin-pa níwájú mi, afárá lábẹ́ wa. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, aago méjì ọ̀sán. Wọ́n ní kí n bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìlà karùn-ún ni mo gbà fún yín."

"Tí kò bá sí níbẹ̀ ńkọ́?" Szeto ní.

"Tí kò bá sí, mi ò ní dárúkọ rẹ̀ mọ́ títí wọ́n á fi gbé mi lọ."

Szeto gbé igi ìjẹun rẹ̀ sílẹ̀. Irú ìlérí bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń gbọ́ lójoojúmọ́. "Ku," ó ní, "gbé kóòtù tó o fi ṣe ìgbéyàwó ọmọ rẹ jáde."

Ilé tí Mok ń gbé ní Shek Kip Mei ò ju yàrá kan àti ààbọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó ní kọ́bọ́ọ̀dù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kó abọ́ sí. Gbogbo ẹ̀dà fíìmù náà tó ti jáde láyé ló wà níbẹ̀. Èyí tí wọ́n fi èdè Gẹ̀ẹ́sì bò lẹ́nu ní Amẹ́ríkà wà níbẹ̀. Wọ́n ti yí orúkọ rẹ̀ padà sí ohun kan tó ní ikú nínú lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tí àwọn aláyẹ̀wò ìjọba Singapore yọ gbogbo ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ náà wà níbẹ̀, tó fi jẹ́ pé ńṣe ni àwọn ọ̀tá kàn ń wó lulẹ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn. Kásẹ́ẹ̀tì wà, àwo tó fẹ̀ bí àwo oúnjẹ wà, síídì wà, èyí tí àwọn ará Jámánì fi sínú àpótí onírin wà. Bí ọ̀kan bá ti jáde, Mok á rà á, á gbé e délé, á tẹ bọ́tìnnì kó sáré kọjá orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ àti gbogbo ìdajì àkọ́kọ́, títí yóò fi dé orí afárá òkúta. Ìjà náà kì í sí níbẹ̀. Kwan Tin-pa á wà ní ìsàlẹ̀ afárá, ìgbà tí a bá tún rí i, ó ti dókè, apá aṣọ rẹ̀ òsì sì ti ya.

"Ta ló fa aṣọ yẹn ya?" Mok á bi tẹlifíṣọ̀n. "Ẹ sọ fún mi. Ṣé afẹ́fẹ́ ni?"

Ìyàwó rẹ̀ ló ń nu eruku kúrò lórí wọn. Fung Suet-ching ni orúkọ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn nìkan ló kù tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Ah Ching ni ọkọ rẹ̀ ń pè é. Ìyá Mok ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ibi tí wọ́n ti ń ya fíìmù náà ni wọ́n ti pàdé. Akọ̀wé ni nígbà náà, ọmọ ọdún méjìlélógún tó ń gbé ìwé gbàǹgbà kan kiri, tó ń kọ gbogbo ohun tí ẹlòmíràn lè gbàgbé: ọwọ́ wo ni òṣèré fi mú idà lánàá, àbẹ́là jó dé ibo, bọ́tìnnì mélòó ló ṣí sílẹ̀, ta ló ti kú, ta ló ṣì wà láàyè. Wọn kì í ya fíìmù ní títẹ̀léra. Wọ́n lè sin ènìyàn lónìí kí wọ́n sì ya ìgbéyàwó rẹ̀ lọ́la, akọ̀wé nìkan ló sì máa mọ̀.

Ọ̀rọ̀ ikú yìí le díẹ̀, torí pé iṣẹ́ àwọn bíi Mok ni kí wọ́n máa kú. Ọ̀dọ́kùnrin méjìlá ló ń kú dípò ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí wọ́n bá ti pa láàárọ̀ á wẹ ẹ̀jẹ̀ nù, á pààrọ̀ aṣọ, á sì padà wá kú lọ́sàn-án. Bí ojú rẹ̀ bá ti hàn nígbà àkọ́kọ́, akọ̀wé á sọ fún onítìróò pé kó lẹ irùngbọ̀n mọ́ ọn. Òfin tí kò ṣòro nìyẹn.

"Èmi ni mo ní kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀," Mok máa ń sọ nílé tíì. "Oòrùn, eruku, kí ọkùnrin máa jágbe mọ́ ọmọge. Mo ní, Ah Ching, fi í sílẹ̀ fún wọn, èmi á bọ́ ọ." Kì í fi kún un pé ọdún mọ́kàndínlógún ni Ah Ching fi lẹ òdòdó oníke ní ilé iṣẹ́ kan ní San Po Kong, tó sì fi ọdún mẹ́wàá se oúnjẹ ilé ìwé lẹ́yìn ìyẹn, nítorí pé ẹni tó ń já bọ́ láti òkè fún oúnjẹ oòjọ́ kò lè já bọ́ títí ayé.

Ó ń já ìdí ẹ̀fọ́ lórí tábìlì nígbà tí Mok gbé ìròyìn náà wọlé.

"Ẹ̀dà wo ni wọ́n rí?" ó bi í.

"Èyí tó lọ sí Vancouver. Ó ti wọ ọkọ̀ kí wọ́n tó fi han àwọn èrò sinimá àárín òru níbí."

Ọwọ́ Ah Ching dúró lórí ẹ̀fọ́. Kò dúró pẹ́.

"Orúnkún rẹ ń dùn ọ́," ó ní. "Èrò sì máa ń pọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin lọ́jọ́ Àìkú."

"Orúnkún mi ti ń dùn mí látìgbà tí Kwan Tin-pa ti wà láyé."

"Sọ fún wọn kí wọ́n fi í ránṣẹ́ sórí fóònù. A ó jọ wò ó níbí, èmi àti ìwọ."

"Lórí fóònù? Kí ojú mi rí bí èékánná?"

"Má wulẹ̀ pe Szeto, nígbà náà."

"Ah Ching." Ó yà á lẹ́nu gan-an. "Ọdún mélòó ni Szeto ti ń pè mí ní Alátẹ̀gùn? Tí Szeto ò bá sí níbẹ̀, kí ni mo fẹ́ lọ wò?"

Ó la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan. Mok ti kọjú sí dígí, ó ń gbé èjìká òsì sókè kó lè bá ti ọ̀tún dọ́gba. Egungun ibẹ̀ ti ṣẹ́ rí, kò sì tò dáadáa.

"Kóòtù aláwọ̀ eérú yẹn ló yẹ ọ́ jù," Ah Ching ní. "Màá lọ̀ ọ́."

Ọ̀rọ̀ èjìká yẹn kò ṣàì kàn wá. Láyé ìgbà yẹn, fíìmù kì í jáde láìkọ́kọ́ kọjá lójú àwọn èrò àárín òru: awakọ̀, alápatà, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n á kún inú sinimá fọ́fọ́, olùdarí àti ọ̀gá ilé iṣẹ́ á fara pamọ́ sí ìlà ẹ̀yìn, ohunkóhun tí àwọn èrò bá sì fi bú wọn, wọ́n á gé e kí ilẹ̀ tó mọ́. Mok ò sí níbẹ̀ lóru ọjọ́ náà. Ó ti já bọ́ láti orí òrùlé nínú fíìmù mìíràn, ilé ìwòsàn ló wà. Láàárọ̀, Ah Ching wá bá a, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ní wọ́n ti gé ìjà náà.

"Ta ló gé e?"

Ó kọ́kọ́ tún ìrọ̀rí abẹ́ orí rẹ̀ ṣe. "Kwan Tin-pa. Ó ní bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, ìwọ ni wọ́n máa máa wò."

Mok sunkún díẹ̀. Inú rẹ̀ sì dùn ju bó ti dùn rí lọ láyé rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an, pẹ̀lú báńdéèjì títí dé ọrùn, ló sọ fún un pé kó fi iṣẹ́ akọ̀wé sílẹ̀ kó wá fẹ́ òun. Ah Ching wò ó lójú. Ó ní ó dáa.

Lọ́jọ́ Àìkú, gbọ̀ngàn náà kún ju bí Mok ti retí lọ, ó sì gbà lójú ẹsẹ̀ pé torí òun ni. Omidan Ip pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà, obìnrin tí kò tíì ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ, tó gé irun mọ́lẹ̀, tó gbá ìwé mọ́ àyà bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá Mok. Ẹ kú ìrìn. Màmá ńkọ́? Kí lorúkọ wọn, kí n lè kọ ọ́ síbí?"

Ah Ching la ẹnu.

"Ìyá Mok ni kí ẹ kọ," Mok ní. "Ó ti tó."

Ó jókòó ti ìyàwó rẹ̀ ní ìlà karùn-ún, ó tún dìde. Ó rí ẹnì kan tó mọ̀ lẹ́yìn. Ó rí ẹlòmíràn. Iná kú, àwọn orúkọ òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lójú aṣọ sinimá, lẹ́tà funfun lórí pupa, Mok sì wà lórí ìdúró láàárín ọ̀nà, ó kẹ̀yìn sí wọn, ó ń juwọ́ sí onígbàjámọ̀ mìíràn láti Sham Shui Po.

"Jókòó," Szeto ní. "O ń dí Kwan Tin-pa."

Nígbà tó jókòó, Ah Ching ti bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó ń fi etí aṣọ nù ún.

"Eruku ni?"

"Eruku ni."

Róòlù kejì dé. Àwọn ọ̀tá ya wọ ilé ẹ̀kọ́ ìjà náà, ọ̀dọ́kùnrin aláṣọ funfun gba idà lókè, ó yí, ó yí, ó délẹ̀, ó la ojú sílẹ̀. Szeto pàtẹ́wọ́. "Ó dìgbà, Bàbá Alátẹ̀gùn," ó ní, ó sì ń dún bí ẹni tó ń pe èrò sínú bọ́ọ̀sì. Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Mok gbé ọwọ́ sókè díẹ̀ bí olóyè. Kò tíì sí ohun tó ba nǹkan kan jẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, róòlù keje. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ nípa rẹ̀, torí ó tọ́ sí i: ìjà náà dára. Mok, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, jáde láti inú ìkùukùu pẹ̀lú ọ̀kọ̀ gígùn, aṣọ dúdú ẹ̀ṣọ́ ọ̀tá lọ́rùn rẹ̀. Kò yára bí àwọn ìyókù ti ń yára. Ó ń rìn lórí etí afárá bíi pé ilẹ̀ ni. Ọ̀kọ̀ náà gba abẹ́ apá Kwan Tin-pa kọjá, ó fa apá aṣọ rẹ̀ òsì ya fàà, Ku onígbàjámọ̀ sì mí kanlẹ̀ nínú òkùnkùn.

"Òun ló fà á ya lóòótọ́," ó sọ wúyẹ́.

Szeto tẹ̀ síwájú lórí ìjókòó rẹ̀. Ó ti la ẹnu sílẹ̀. Fún bí ìṣẹ́jú kan, Mok Siu-hang ní gbogbo ohun tó ti ń wá láti ọdún mọ́kànléláàádọ́ta.

Nígbà náà ni àwòrán sún mọ́ ojú rẹ̀. Ojú náà kún aṣọ láti òkè dé ìsàlẹ̀: ojú tó mọ́ roro, tó lẹ́wà, tí kò ní irùngbọ̀n kankan.

"Dúró ná," ohùn obìnrin kan wá láti ẹ̀yìn wọn. "Ẹni tó kú lórí àtẹ̀gùn kọ́ nìyẹn?"

"Òun ni."

"Ṣé ó jí ni?"

"Ó jí. Ó sì ti lọ gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó pa á."

Ẹ̀rín náà bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ó sì tàn káàkiri láti ìlà dé ìlà. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà. Irú ẹ̀rín tí ènìyàn ń rín sí ọmọ tó wọ bàtà òdìkejì ni. Èjìká Szeto ń mì; ó ti fi aṣọ ìnujú bo ẹnu.

Mok wo ojú ara rẹ̀. Ó ti mọ̀ pé òun kú nínú róòlù kejì. Ó sì mọ̀ pé òun jà nínú ìkeje. Ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, kò tíì kó méjèèjì sórí tábìlì kan náà rí. Bó ti ń wò ó, ó rántí àárọ̀ ọjọ́ yẹn lábẹ́ afárá: onítìróò tó gbé irùngbọ̀n àti gọ́ọ̀mù dání, àti ohùn ara rẹ̀ tó ń bẹ akọ̀wé. Ah Ching, jọ̀ọ́, má jẹ́ kí wọ́n lẹ nǹkan yìí mọ́ mi. Ìyá mi máa wá wò ó. Ojú mi ló fẹ́ rí. Ọmọbìnrin náà wo inú ìwé rẹ̀, ó wò ó, ó wo inú ìwé padà. Lẹ́yìn náà ó pa ìwé dé, ó sì sọ fún onítìróò pé, "Ti ẹni yìí ò pọn dandan."

Mok fara sún mọ́ ìyàwó rẹ̀. "Kwan Tin-pa kọ́ ló gé e."

"Rárá o."

"Ta ni?"

"Àwọn èrò àárín òru. Ohun tí obìnrin ẹ̀yìn yìí sọ náà ni wọ́n sọ, àmọ́ gbogbo ilé ló ń sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ń pè ọ́ ní òkú. Wọ́n ní kí wọ́n gbé ọ padà sórí àtẹ̀gùn. Àwọn kan bọ́ bàtà, wọ́n ń jù ú."

"Ìwọ sì sọ fún mi pé…"

"Èjìká rẹ ti ṣẹ́," Ah Ching ní. "Mo rò ó pé ìyẹn ti tó fún ọ̀sẹ̀ yẹn."

Lójú aṣọ, Kwan Tin-pa gba ọ̀kọ̀, ó fi gún ẹ̀ṣọ́ náà, ẹ̀ṣọ́ sì já bọ́ sínú omi. Àwọn kan pàtẹ́wọ́ fún ikú rẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì. Mok wá ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ nínú òkùnkùn, ó rí i, ó dì í mú. Ọwọ́ náà le lórí ìka, bí ọwọ́ ẹni tó ti fi gọ́ọ̀mù gbígbóná ṣiṣẹ́ rí. Ìbéèrè kan ṣì wà tí ẹlòmíràn ì bá bi í níbẹ̀. Ṣùgbọ́n fíìmù ti parí, iná ti tàn, wọ́n ti ń pe orúkọ rẹ̀, Mok sì ní láti tún kọ́là rẹ̀ ṣe.

Ó gun orí pèpéle. Àpò rẹ̀ ní ìwé kan tó ti fi ọjọ́ mẹ́ta kọ, nípa ìlara àwọn gbajúmọ̀. Ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ó gba máíkì lọ́wọ́ Omidan Ip, ó wo àwọn èèyàn náà, ó wo Szeto, tí ojú rẹ̀ ṣì tutù fún ẹ̀rín.

"Ẹ kú ìjókòó," ó ní. "Gẹ́gẹ́ bí ẹ ti rí i, mo ti kú."

Gbọ̀ngàn náà bú sẹ́rìn-ín. Mok dúró kí ẹ̀rín náà lọ sílẹ̀, bí àwọn tó mọ iṣẹ́ ti ń dúró.

"Wọ́n ní kí n lẹ irùngbọ̀n, mo kọ̀. Mo fẹ́ kí ìyá mi rí ojú mi. Ẹ̀yin náà ti rí i báyìí. Ṣé ẹ dá mi lẹ́bi?"

Wọn ò dá a lẹ́bi. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un ju bí wọ́n ti pàtẹ́wọ́ fún ìjà náà lọ. Szeto dìde lórí ìjókòó rẹ̀, ó ń pàtẹ́wọ́ lókè orí. Ẹ bá mi wo bí èjìká Mok ti ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Ohun tó ti jẹ́ ìtìjú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn ti di ìtàn tuntun, ó sì ti ń rò ó bí òun ó ṣe máa sọ ọ́ nílé tíì: ibi tí òun ó ti dánu dúró, ibi tí òun ó ti mu tíì. Ó ti rí i pé èyí tilẹ̀ dùn ju ti Kwan Tin-pa lọ.

"Mi ò sì pàdánù nǹkan kan nínú fíìmù yẹn," ó ní. "Ibẹ̀ ni mo ti rí ìyàwó mi. Òun ni akọ̀wé wọn. Iṣẹ́ tó le ni fún obìnrin. Ọjọ́ tí wọ́n gé ìjà mi gan-an ni mo sọ fún un pé kó fi í sílẹ̀ fún wọn, èmi á bọ́ ọ. Ó gbọ́ tèmi. Ìyá ilé mi nìyẹn, ní ìlà karùn-ún, aṣọ búlúù."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Ah Ching náà. Ó tẹrí ba díẹ̀ láìdìde.

"Akọ̀wé?" Omidan Ip ní. Ó ti ń ṣí ìwé rẹ̀. "Bàbá, ohun tó kù tí mo fẹ́ bi yín nìyẹn gan-an. Nǹkan méjì péré ni ẹ̀dà Vancouver fi yàtọ̀ sí gbogbo ẹ̀dà tó jáde lẹ́yìn rẹ̀. Ìjà yín ni èkíní. Èkejì, orúkọ kan ni, níbi tí orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ti ń kọjá níbẹ̀rẹ̀. Ó wà nínú ti Vancouver. Nínú gbogbo ìyókù, orúkọ ọkùnrin kan ló wà níbẹ̀. A ti wá obìnrin náà títí. Ṣé ẹ mọ ẹnì kan tó ń jẹ́ Fung Suet-ching?"

Mok wo ìlà karùn-ún. Ah Ching ti tún bọ́ gíláàsì rẹ̀. Kò sí eruku kankan lára rẹ̀. Ó kàn dì í mú lórí ẹsẹ̀ ni.

Omidan Ip rò pé kò gbọ́ dáadáa. Ó gbé ìwé náà sún mọ́ ojú, ó sì kà á sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́. Ìwé tí ilé iṣẹ́ náà kọ sí ẹni tó ń gé fíìmù ni, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹjọ, aago mẹ́fà àárọ̀. Ìlà méjì ló ní. Ìlà kìíní ní kí wọ́n gé ìjà orí afárá. Ìlà kejì ní kí wọ́n yọ orúkọ akọ̀wé náà kúrò, nítorí pé wọ́n ti lé e.